Ẹ̀rù lójú títì, ewu lẹ́yìnkùlé: bí ará Àkúrẹ́ ṣe ń wọn ààbò

Bí ẹ bá bi ará Àkúrẹ́ léèrè pé, "Àdúgbò yín ńkọ́?", èsì àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "A dúpẹ́." Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ìkíni lẹ kí i, èsì ìkíni ló sì fún yín. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá bi í lọ́nà mìíràn: "Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ọmọ yín obìnrin ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, ṣé ẹ máa jẹ́ kó lọ?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti yí. Á mi orí. Á ní kó kúkú fi ebi sùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá gbọ́ nípa ilé tí wọ́n já wọ̀, báàgì tí ọlọ́kadà já gbà, àti ìbọn tó dún lóru tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yìn ín.

Àárín "a dúpẹ́" àti "kó kúkú fi ebi sùn" ni mo fẹ́ ká dúró sí lónìí. Ewu ni ohun tó lè ṣe èèyàn. Ẹ̀rù ni ohun tí ọkàn ń sọ fún wa nípa rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sábà gbé ojú kan ní ìlú wa, owó wa àti oorun wa sì ń bá ẹ̀rù lọ nígbà tí ewu ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀rù ti wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ọjọ́ tí Olóyè Olú Fálaè pé ọmọ ọdún 77, àwọn ajínigbé gbé e láti oko rẹ̀ ní Ìlàdó, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù náà ló tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ rán méje nínú wọn lẹ́wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n ìròyìn ẹ̀wọ̀n kò tàn ká tó ìròyìn ìjínigbé. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2019, wọ́n yìnbọn pa Arábìnrin Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ Bàbá Reuben Fáṣọ̀ràntí tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re nígbà náà, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa Ọba Israel Adéwùsì, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, nígbà tí Kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, èèyàn tó lé ní ogójì ló kú.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgboro Àkúrẹ́. Oko, títì, títì, ìlú mìíràn. Síbẹ̀ àwọn gan-an ni ará ìgboro fi ń ṣírò ààbò ara rẹ̀, ó sì nídìí. Olóyè tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ọba aládé, ọmọ bàbá ńlá: tí wọ́n bá lè mú irú àwọn wọ̀nyí, kí ni ti mẹ̀kúnnù tó ń ta gàrí? Ọkàn kì í ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló ń wò. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan fi lè pa ìrìn ìrọ̀lẹ́ rẹ́ lójú ọ̀nà kan fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀rù títì kì í ṣe òmùgọ̀ o. Lójú ọ̀nà Adó àti ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ibi tí gálọ́ọ̀pù bá ti mú kí ọkọ̀ rọra, tí igbó sì dé etí títì, ibẹ̀ lọwọ́ ti ń tẹ èèyàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fi í gbé èrò ìkẹyìn lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́: nǹkan bí aago méje ni ilẹ̀ ń ṣú pátápátá, táyà kan tó bẹ́ sì lè jẹ wákàtí kan nínú àkókò yẹn. Ẹni tó mọ̀nà á ra epo tó máa gbé e dé ibi tó ń lọ kó tó kúrò nígboro. Inú gáréèjì ló ti máa wọkọ̀, torí pé wánṣáàǹsì kì í sábà dúró níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò. Nọ́ńbà ọkọ̀ á ti wà lọ́wọ́ ará ilé kí ọkọ̀ tó ṣí. Àwọn àgbẹ̀ náà ti kọ́ tiwọn: wọn kì í dá lọ, wọn kì í lọ ní aago kan náà lójoojúmọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó bá wọn ra kòkó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbowó. Oko tó jìnnà jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa tì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ á sì wọ́n ní Ọjà Ọba. Ẹ̀rù náà ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́nà yìí.

Ṣùgbọ́n nínú ìgboro, ewu kò dà bí ti títì. Ó kéré ní ìrísí, ó sì sún mọ́ni. Àwọn ọmọkùnrin tó ń já fóònù gbà lójú ọ̀nà Ọba Adéṣídà nígbà tí ọjà bá ń tú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń gbẹ̀san lára ara wọn, tí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ń bá ọta ìbọn wọn pàdé. Afọ́lé tó mọ ọjọ́ tí onílé lọ síbi òkú. Àti ìjà tọkọtaya tó ń di ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ nínú yàrá, èyí tí kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ìwà ọ̀daràn rárá. "Ọ̀rọ̀ ilé ni." Obìnrin tó ní òkùnkùn ń ba òun lẹ́rù lè má sọ fún yín láéláé pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù, inú ilé ló wà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ńkọ́? "Kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù" ni wọ́n máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ìbọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ń kọ́kọ́ bá.

Ọ̀rọ̀ afọ́lé yẹn, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ ló ní bọ́gílárì lójú fèrèsé, onílé á sì fọkàn balẹ̀ tó bá ti rí irin. Olè kì í sábà gé irin. Férémù ló ń tú. Wẹ́dà tó gbé e wá fi ìka irin kúkúrú mẹ́rin kọ́ ọ mọ́ bíríkì, kàfíńtà tó kọ́kọ́ da fèrèsé sí i ti fọ́ etí bíríkì, birikìlà wá fi yanrìn tó pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ rẹ́ ojú rẹ̀. Ọ̀pá irin kan, ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo férémù á jáde lódindi, bọ́gílárì tòun ti àgádágodo rẹ̀. Kí ìka irin wọ inú bíríkì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí wọ́n fi kọnkéré dí i kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, ìyẹn ló ń mú un. Nínú àwọn ilé yàrá àkójọ, ọ̀nà mìíràn tún wà: síílìn. Ògiri tó pín yàrá kò kan páànù, ibi tí síílìn wà ló parí sí. Ẹni tó bá wọ yàrá kan tó ṣófo lè rákò lókè gba orí gbogbo yàrá yòókù. Ní àgbègbè Àulé àti ẹnu géètì FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ ìsinmi ni irú èyí máa ń rọrùn jù fún wọn, torí pé gbogbo yàrá ló dákẹ́. Kí a gbé ògiri kan páànù kò tó owó tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ má sì gbàgbé iná: fèrèsé kan nínú ilé gbọ́dọ̀ ní bọ́gílárì tó ń ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó tí ọmọdé lè nawọ́ mú, tí ọwọ́ ará ìta kò sì lè kàn.

Èéṣe tí irú ìmọ̀ báyìí kò fi tàn ká bí ìròyìn ajínigbé? Torí pé a kì í sọ ọ́. Ilé tí olè já á ní, "Àwọn kan bẹ̀ wá wò," á sì dákẹ́. Ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń bẹ̀rù pé olè á padà wá, tàbí wọ́n gbà pé tésàn kò ní ṣe nǹkan kan. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, gbé jáde ní ọdún 2024 nípa ohun tí ìdílé Nàìjíríà rí lọ́wọ́ ọ̀daràn fi èyí hàn: nínú ìdílé 100 tí olè jà nílé, nǹkan bí 36 péré ló fi tó ọlọ́pàá létí. Nínú àwọn tí wọ́n jí èèyàn wọn gbé, nǹkan bí 65 nínú 100 ló san owó ìtúsílẹ̀. Ìdí tó ga jù tí wọ́n ní àwọn kò fi lọ sí tésàn ni pé wọn kò nígbàgbọ́ nínú ọlọ́pàá. Ìwé tí ọlọ́pàá fi ń pín mọ́tò àti ọkùnrin wá ń fi hàn pé ó dákẹ́ níbi tó gbóná. Àwọn náà á lọ síbi tí ariwo wà, ìyẹn ni títì.

Fóìsì nóòtì ló gba àyè tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fi sílẹ̀. Gbogbo wa mọ ohùn rẹ̀. Obìnrin kan tó ń mí gúlegúle, ajá ń gbó lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ má jáde o, wọ́n ti wọ Ọbà-Ilé o, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀." Kò sí ọjọ́. Kò sí orúkọ òpópónà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò rí i, "ẹnì kan" ló sọ fún un. Ó lè jẹ́ pé láti ìlú mìíràn, lọ́dún mìíràn ló ti wá. Lórí WhatsApp, tí ẹ bá rí ọfà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi í: ta ló fojú ara rẹ̀ rí i, ọjọ́ wo, ojúlé wo? Tí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, kó dúró lọ́wọ́ yín. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ju pé ó ń pani lóorun lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àdúgbò máa fi jí sáré, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ó jẹ́ òótọ́, kò ní sẹ́ni tó máa gbé orí sókè.

Ẹ̀rù tí kò rí ojú ewu á wá ojú àlejò. Ọmọkùnrin tó ń ṣa irin kiri, ọlọ́kadà tó ń sọ Hausa, wèrè tó sùn sábẹ́ ìsọ̀. Ẹnì kan á pariwo "Olè!", táyà á dé kí ìbéèrè tó dé. Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò rárá: ìpànìyàn ni. Ẹni tó mọ ìgbà tí ẹ ń jáde àti ibi tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, ẹni tó ti wọ ilé yín rí ló sábà máa ń jẹ́. Tí ẹ bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀ níbi tí iná wà, kí èèyàn méjì péré dúró tì í, kí alága àdúgbò pe ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn lójú gbogbo èèyàn, kí a sì kọ aago tí a pè é sílẹ̀. Kí àwọn ìyá lé ọmọdé wọlé. Kí ẹni tó ń ya fídíò tún ya ojú àwọn tó fẹ́ lù ú. Ọwọ́ wọn á rọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, iná. Kò sí ohun tó ń dín ẹ̀rù kù kíákíá bí iná òpópónà, kò sì sí ohun tí a ń fi owó rẹ̀ ṣòfò tó o. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù lójú géètì kan ń mú kí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú sí i, torí ojú tó ti wo iná kì í rí òkùnkùn. Iná mẹ́rin tó mọ níwọ̀nba, tí ìkọ̀ọ̀kan jìnnà síra tó mítà 25 sí 30, sàn ju ọ̀kan tó ń fọ́ ojú lọ. Ẹ gbé e sókè tó mítà mẹ́rin, kí ó kọjú sí ilẹ̀, kí a lè dá ojú ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sólà olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo àdúgbò ń so báyìí, ọ̀yẹ́ ló ń kọ́kọ́ pa á: eruku pupa ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà á bo ojú páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì kò ní kún, aago mọ́kànlá alẹ́ iná á ti kú, wákàtí tí a nílò rẹ̀ gan-an. Omi àti aṣọ rírọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí a yan ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, torí iṣẹ́ gbogbo èèyàn kì í ní ẹni tó ni ín.

Géètì àdúgbò àti ọlọ́dẹ ni ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé 40 ló wà, tí ìkọ̀ọ̀kan ń san ₦2,000 lóṣù. ₦80,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ọlọ́dẹ kan ni owó yín lè gbé, ẹ sì ti gba méjì. Ní oṣù kejì, ilé 15 kò san: ayálégbé ní onílé ló ni í, onílé ní ayálégbé ló ń gbé ibẹ̀. ₦50,000 ló kù fún èèyàn méjì. Àwọn ọlọ́dẹ á wá iṣẹ́ ọ̀sán kún un, wọ́n á sì máa sùn lóru. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Kí ẹ gba ẹnì kan, kí ẹ sanwó rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ, kí ó ní bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti fóònù tí owó wà lórí rẹ̀, ó dára ju ọlọ́dẹ mẹ́ta tí ebi ń pa lọ. Ẹ mú orúkọ, àwòrán àti onídùúró rẹ̀ lọ sí tésàn tó sún mọ́ yín. Géètì náà ńkọ́? Tí kọ́kọ́rọ́ kan péré bá wà lọ́wọ́ alága tó sùn sí Oǹdó lálẹ́ ọjọ́ náà, aboyún tó ń rọbí àti ọkọ̀ panápaná ni ẹ tì mọ́de. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ilé mẹ́ta, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ìparí, kí orúkọ àwọn ilé náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbogbo ayálégbé.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí gbogbo èyí, ẹ lọ béèrè. Àdúgbò lè wọn ẹ̀rù àti ewu rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ilé 30 tó. Ẹ rán obìnrin sí obìnrin, ọkùnrin sí ọkùnrin, ẹ má sì bá ayálégbé sọ̀rọ̀ lójú onílé. Ìbéèrè méjì ni, ẹ má da wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́: "Ṣé ọkàn yín ń balẹ̀ tí ẹ bá dá rìn ládùúgbò yìí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú?" Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń wọn ààbò káàkiri àgbáyé. Èkejì: "Láti Kérésì tó kọjá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí gan-an?" Ẹ so ó mọ́ Kérésì tàbí Iléyá, torí pé tí ẹ bá sọ pé "ọdún kan", ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á bá a wọlé. Ẹ sọ pé "nínú ilé yìí", bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé márùn-ún á ròyìn olè kan ṣoṣo, yóò sì di olè márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ ya òpópónà náà sórí ìwé ńlá. Ibi tí ẹ̀rù wà, ẹ fi bírò dúdú sàmì sí i. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, bírò pupa. Ẹ ó rí i pé dúdú kó jọ sí ẹnu ọ̀nà àti etí igbó, pupa sì fọ́n káàkiri ẹ̀yìn ilé, nídìí fèrèsé ilé ìdáná. Ìgbà náà lẹ máa mọ ibi tó yẹ kí iná àkọ́kọ́ lọ.

Èyí tó bá jẹ́ pupa, ẹ gbé e lọ sí tésàn, kó tó di ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó lọ: aago, ibi, iye èèyàn, ohun tí wọ́n wọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ, ohun tí wọ́n kó. Tó bá jẹ́ fóònù, nọ́ńbà IMEI, èyí tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, wà lára páálí rẹ̀. Kí ẹni tí fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ tẹ *#06# lónìí, kó kọ ọ́ síbì kan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn, kí ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́. Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni pé ẹni tí nǹkan ṣe á lọ fúnra rẹ̀, á pàdé ẹni tó ní kó wá lọ́la, kò ní padà lọ mọ́. Kí alága àti akọ̀wé àdúgbò bá a lọ. Èèyàn mẹ́ta tí ó mú ìwé dání kì í gbọ́ "ẹ wá lọ́la" bí ẹnì kan tó ń sunkún.

Ní àwọn àdúgbò àtijọ́, Òkè-Àró títí dé Arákálẹ̀, ọlọ́dẹ ṣì máa ń lu òpó iná lóru. Aago kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Aago méjì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá arúgbó tó jí lójú oorun á gbọ́ ọ, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á sì sùn. Olè náà gbọ́ ọ, ó ti mọ òpó tí ọlọ́dẹ wà. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ onílé ń sọ pé kó má lù ú mọ́. Lójú tèmi, kó máa lù ú. Ṣùgbọ́n kó má lu òpó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó má sì gba ọ̀nà tó gbà lánàá. Tó bá sì di aago mẹ́ta òru tí ẹ kò gbọ́ ohunkóhun, kí ẹni tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí tan iná ìta ilé rẹ̀, kó pe fóònù ọlọ́dẹ náà.